Àìsàn líle dé bá ajá yín ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà: ilé, dókítà àbẹ̀wò, ilé ìwòsàn ìlú, àbí Ìbàdàn?

Ẹni tí ajá rẹ̀ bá ń ṣàìsàn gan-an ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà ní ọ̀nà mẹ́rin níwájú: kó tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ilé, kó pe dókítà ẹranko wá bá a, kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko tó wà láàárín ìlú, tàbí kó gbé e sọ́kọ̀ kó dorí kọ ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀nà karùn-ún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ dárúkọ: kí a jẹ́ kó sinmi, kó má jẹ̀rora mọ́. Mo ti rí àwọn tó yan ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú márààrún, ohun tí mo sì rí pé ó ń ba ìpinnu jẹ́ jù ni pé ìfẹ́ tàbí ìtìjú la fi ń yàn. Ẹlòmíì á ní bí òun ò bá gbé e dé Ìbàdàn, a jẹ́ pé òun ò fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ẹlòmíì á máa sá fún ohun táwọn aládùúgbò máa sọ, pé ajá ló ń náwó lé lórí. Àìsàn náà ni kí ẹ jẹ́ kó yan ibi tí ẹ máa lọ: ohun tó nílò, àti iye wákàtí tó fún yín.

Ajá ni mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ológbò bá ti yàtọ̀, mo máa yà á sọ́tọ̀.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò

Àkókò ló ṣáájú. Àwọn àìsàn kan wà tó jẹ́ wákàtí péré ni wọ́n fún yín: ọmọ ajá tó ń bì tó sì ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ajá tó jẹ májèlé, abo ajá tí ilé ọmọ rẹ̀ kún fún ọyún, akọ ológbò tó ń lóṣòó lọ́pọ̀ ìgbà tí ìtọ̀ kò jáde. Àwọn kan fún yín ní ọjọ́ díẹ̀, bí ibà tí eégbọn ń kó ràn wọ́n. Àwọn mìíràn sì fún yín ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù: kókó tó ń hù lára, kíndìnrín tó ń kọṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, jẹjẹrẹ.

Lẹ́yìn àkókò, ẹ béèrè ohun tí àìsàn náà nílò. Ṣé dírípù ni? Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀? Ṣé iṣẹ́ abẹ? Àbí oògùn mímu tí ẹ̀yin náà lè fún un? Lẹ́yìn ìyẹn ni owó, owó ọ̀hún sì ju ti dókítà lọ. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, àbẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta wà níbẹ̀, àwọn ọjọ́ tí ẹ kò ní lè ṣí ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Ẹ jókòó gẹ́gẹ́ bí ìdílé, kí ẹ sọ iye tí agbára yín ká jáde lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó gún un lábẹ́rẹ́. Tí dírípù bá ti ń kán, tí àwọn ọmọ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìṣírò kì í ṣeé ṣe mọ́. Owó ilé-ìwé ọmọ kò sí lára owó náà, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tìjú nítorí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí ajá náà, bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ẹni tó máa wà pẹ̀lú rẹ̀ lóru. Ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí wọn kì í wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú, kò lè ṣe irú ìtọ́jú tí ilé tí màmá àgbà ń gbé inú rẹ̀ máa lè ṣe.

Bí ẹ kò bá mọ iye àkókò tí ẹ ní, ẹ wo ẹnu ajá náà. Ẹ gbé ètè rẹ̀ òkè sókè díẹ̀, kí ẹ wo erìgì. Erìgì ajá tára rẹ̀ dá máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, itọ́ sì máa ń mú kó máa dán. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ojú ibẹ̀ á fi funfun, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kí ìṣẹ́jú-àáyá 2 tó pé. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò rìn dáadáa mọ́ lára rẹ̀. Erìgì tó funfun bí ìwé, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára. Èyí tó pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn ń bà jẹ́. Èyí tó di àwọ̀ aró, kò rí afẹ́fẹ́ mí. Ọ̀pọ̀ ajá ìbílẹ̀ wa ni erìgì wọn dúdú láti ìbí, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè kí ẹ sì fi sílẹ̀. Bó bá dúró gangan tí kò tètè padà, omi ti tán lára rẹ̀. Ajá tí méjèèjì yìí bá bá, ọ̀rọ̀ àgbo ti kúrò ńlẹ̀.

Ìtọ́jú nínú ilé

Òun ló rọ owó lọ́rùn jù, kò sì yẹ ká kàn bẹnu àtẹ́ lù ú. Ajá àgbà tó bì lẹ́ẹ̀kan tàbí tó yàgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ kan, tó ṣì ń mu omi, tó ṣì ń dìde wá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lè ṣọ́ ọ nílé. Ẹ fún un ní omi ORS díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi ìrẹsì rírọ̀ àti adìẹ bíbọ̀ tí kò ní ata àti àlùbọ́sà sí i lẹ́nu. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ológbò jẹ́, nítorí náà ọbẹ̀ ilé kì í ṣe oúnjẹ aláìsàn. Lẹ́yìn ìtọ́jú dókítà pẹ̀lú, inú ilé ni ìwòsàn ti ń parí: oògùn lásìkò, ibùsùn gbígbẹ, ẹni tó ń fi ọwọ́ pa á lórí.

Ohun tó ń pa wọ́n nínú ilé ni oògùn ènìyàn àti àwọn àṣà tí a kò bi ara wa léèrè nípa rẹ̀. Ibuprofen ń dá egbò sínú ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol burú jù fún ológbò: hóró kan tó jẹ́ miligíráàmù 500 lè pa á, nítorí ara ológbò kò ní ohun tí yóò fi sọ ọ́ di aláìlóró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi òróró ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì ti lò tán pa ajá lára nítorí èkúrú tàbí eégbọn. Ajá á lá a, yóò sì gba ara wọlé pẹ̀lú.

Ti epo pupa ńkọ́? Kété tí ajá bá jẹ ọ̀tapiapia tàbí ẹran tí wọ́n fi májèlé sí, ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo àdúgbò máa ń ké ni pé kí ẹ da epo sí i lẹ́nu. Ẹ má ṣe é. Ajá tó ń gbọ̀n tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, epo náà á bá ibi èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn májèlé kan sì wà tí epo máa ń mú kí ara tètè fà mu. Ẹ mú agolo tàbí ike májèlé náà lọ́wọ́ bí ẹ bá rí i, kí ẹ sì dorí kọ ọ̀dọ̀ dókítà tó sún mọ́ yín jù. Májèlé ọ̀tapiapia ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀. Oríṣi májèlé eku kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, òun náà ní tirẹ̀, fítámì K. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ kó tó lè yan.

Dókítà tó ń wá sílé

Fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ifẹ̀, òun ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ kò ní wá ọkọ̀, ajá kò ní gbọ̀n jìnnìjìnnì lórí tábìlì tí kò mọ̀, dókítà náà á sì fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tó ń sùn, ohun tó ń jẹ, eégbọn tó wà lára ògiri. Wọ́n lè so àpò dírípù mọ́ irin fèrèsé pálọ̀, kí ajá dùbúlẹ̀ sórí àńkárá àtijọ́ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹnìkan nínú ilé sì máa wo bó ṣe ń kán.

Ọmọ ajá tó ní parvo, àìsàn kòkòrò àìfojúrí tó ń kọlu ìfun, ni àpẹẹrẹ tó yé ènìyàn jù. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí oṣù mẹ́fà ni àìsàn yìí máa ń mú wọn jù. Ọmọ ajá tó ń sáré kiri lánàá á kọ oúnjẹ lónìí, á máa bì, ìgbẹ́ rẹ̀ á di omi ẹlẹ́jẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì yàtọ̀, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kì í gbàgbé. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò parvo. Dírípù tó ń dá omi padà sára, oògùn tó ń dá èébì dúró, àti oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò mìíràn gba inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀, àwọn ni wọ́n fi ń gbé e dúró títí ara rẹ̀ á fi borí. Nínú ọmọ ajá 10 tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú, bíi 9 ló lè kú. Níbi tí ìtọ́jú bá ti tètè bẹ̀rẹ̀ tó sì péye, bíi 8 nínú 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń yè. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ló le jù. Dókítà tó lè wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú ẹnìkan nínú ilé tí kò ní sùn, tó fún irú àìsàn yìí. Ó tún ní èrè mìíràn: parvo máa ń ràn gan-an, bí ẹ bá sì gbé ọmọ ajá náà lọ jókòó láàárín àwọn ajá tó wá gba àjẹsára, ẹ lè kó o ràn wọ́n.

Ibi tí ọ̀nà yìí kù sí: dókítà kò lè gbé ẹ̀rọ ẹ́ksíréè sínú báàgì, kò sì lè la ikùn ajá lórí tábìlì oúnjẹ yín. Owó rẹ̀ náà máa ń dà bí ẹni pé ó kéré lọ́jọ́ kìíní, ṣùgbọ́n àbẹ̀wò mẹ́jọ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ní kó sọ iye gbogbo ìtọ́jú náà fún yín lápapọ̀, ti abẹ́rẹ́ àti ti dírípù, kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì rí i dájú pé dókítà ni lóòótọ́. Ẹni tó máa jẹ́ dókítà ẹranko ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Àwọn tó ń gún adìẹ àti ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́ ní abúlé ní iṣẹ́ tiwọn, wọ́n sì wúlò, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa pinnu ohun tí ajá tó ń kú lọ máa gbà.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń rọ gbogbo ènìyàn láti bi dókítà wọn. Ìyá kan ní Mọ̀rẹ̀ ni mo gbọ́ tó bi í báyìí, bí ajá rẹ̀ ṣe dùbúlẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀: "Dókítà, ẹ dákun, ká ní tiyín ni, kí lẹ máa ṣe?" Dókítà náà fi ọwọ́ kan ajá náà nígbáàyà, ó ní: "Mà, ká ní tèmi ni, mo máa fún un ní ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú dírípù. Tí kò bá yí padà, mi ò ní jẹ́ kó jìyà kọjá ìyẹn." Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ṣeé dì mú. Ó ní ọjọ́, ó sì ní ibi tó máa dúró.

Ilé ìwòsàn ẹranko láàárín ìlú

Ti aládàáni wà, ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹranko ìjọba náà wà. Ti ìjọba sábà máa ń dín owó, pàápàá fún àjẹsára, ṣùgbọ́n oògùn lè máà sí nílẹ̀, wọ́n sì lè ní kí ẹ lọ rà á níta. Ti aládàáni wọ́n jù, wọ́n sì sábà máa ń gbé fóònù.

Ohun tí ilé ìwòsàn ní tí àbẹ̀wò ilé kò ní ni maikirosíkóòpù àti tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ibà eégbọn ló jẹ́ kí n ka maikirosíkóòpù sí púpọ̀. Ajá á gbóná, kò ní jẹun, erìgì rẹ̀ á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ́n dòdò bíi tíì, tàbí kí imú rẹ̀ máa ṣẹ̀jẹ̀. Ó kéré tán, kòkòrò méjì tó yàtọ̀ síra ló ń ṣe irú èyí, oògùn wọn kò sì jọra. Ọ̀kan nínú wọn, Ehrlichia, ń gba oògùn doxycycline, fún ọjọ́ 28. Ọ̀pọ̀ ló ń dá a dúró lọ́jọ́ karùn-ún nítorí ajá ti ń jẹun, àìsàn náà á sì padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀. Babesia ní tirẹ̀ ń gba abẹ́rẹ́. Diminazene, tí àwọn darandaran mọ̀ dáadáa nítorí màlúù, wà lára àwọn tí wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ fún ajá kò gba àṣìṣe, àpọ̀jù rẹ̀ ń kọlu ọpọlọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ má ra abẹ́rẹ́ ní ìsọ̀ olóògùn adìẹ kí ẹ wá ní kí ẹnìkan ṣáà gún un. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní etí rẹ̀, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó sanwó oògùn.

Kókó tó máa ń hù lójú ara akọ tàbí abo ajá, tó máa ń rí bíi kọ́lífláwà tó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ náà ló yẹ. Ìgbà tí ajá bá gun ara wọn ló máa ń ràn. Ó máa ń ba àwọn onílé lẹ́rù, wọ́n á rò pé ó ti parí, àwọn mìíràn á sì lé ajá náà síta. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà lára èyí tó gbọ́ oògùn jù lọ: abẹ́rẹ́ vincristine lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì ń san pátápátá. Kò nílò Ìbàdàn. Ohun tó nílò ni kí ẹ máa padà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kódà nígbà tí kókó náà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán.

Abo ajá tí wọn kò yọ ilé ọmọ rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí mu omi ní àmujù, tó rẹ̀ ẹ́, tí ikùn rẹ̀ wú tàbí tí ọyún ń jáde lójú ara rẹ̀, ní bí oṣù kan sí méjì lẹ́yìn tó wá akọ kẹ́yìn, iṣẹ́ abẹ ló nílò kíákíá. Bí ilé ìwòsàn ìlú bá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má wulẹ̀ ronú ìrìn-àjò.

Kí ẹ tó fi í sílẹ̀ síbẹ̀ sùn, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó máa wà níbẹ̀ lóru. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò sì ní sí níbẹ̀ títí di àárọ̀, ẹ gbé e lọ sílé. Ajá tó wà nínú àgò láìsí olùtọ́jú kò sàn ju ajá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín lọ.

Ìbàdàn

Ilé ẹ̀kọ́ dókítà ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára èyí tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ẹranko rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn dókítà agbègbè wa máa ń kọ ìwé ránni lọ. Ilọrin àti Abẹ́òkúta náà ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti Ifẹ̀, Ìbàdàn ló rọrùn jù. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa rí àwọn tó mọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan dunjú, iṣẹ́ abẹ egungun, ojú, àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ipò kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ hàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wà níbẹ̀, wọ́n á wo ajá yín lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ó ń pẹ́, àmọ́ ojú tó pọ̀ báyìí máa ń rí ohun tí ojú kan fò.

Ìrìn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́. Láti Ifẹ̀, ẹ máa gba Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Aṣéjìrẹ́ kí ẹ tó já sí Iwo Road, ẹ ó wá gba àárín ìlú lọ sí yunifásítì. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Iléṣà á fi bí ọgbọ̀n kìlómítà lé e. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ èrò kì í gba ajá sínú ọkọ̀, pàápàá èyí tó ń bì, nítorí náà ẹ ṣètò owó dọ́rọ́ọ̀bù, lílọ àti bíbọ̀. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ kúrò nílé ní ìdájí, ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ aṣọ tó máa dùbúlẹ̀ lé, ẹ mú omi, ẹ sì mú gbogbo ìwé tí dókítà ìlú ti kọ. Ìwé yẹn máa ń dín owó kù, torí wọn kò ní tún àyẹ̀wò tí ẹ ti ṣe ṣe.

Ìbàdàn yẹ fún àìsàn tó fún yín láyè: egungun tó ṣẹ́ tí wọ́n ti dì mọ́ igi, ajá tó ń rù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí, ojú tó ń fọ́, kókó inú ikùn. Kò yẹ fún ọmọ ajá parvo tí erìgì rẹ̀ ti funfun, tàbí ajá tó jẹ májèlé ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn. Wọ́n lè kú kí ẹ tó kọjá Ìkirè. Ẹ gba dírípù tàbí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nílé kí ẹ tó ronú ọ̀nà.

Kí a jẹ́ kó sinmi

Ìlú tí wọ́n ti ń fi ajá bọ Ògún ní Òkè Mògún nígbà Ọlọ́jọ́ ni wá, ọ̀pọ̀ aládùúgbò kò sì ní mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún ẹni tó ń sunkún ajá. Wọ́n á ní "ṣebí ajá ni, ẹ ra òmíràn." Wọn kò gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n ajá tó ti bá yín gbélé fún ọdún mẹ́wàá, tó mọ ìró ọkọ̀ yín láti títì, tó sùn síwájú yàrá ọmọ yín nígbà tí ibà ń ṣe é, ọ̀fọ̀ gidi ni ẹ fẹ́ ṣe, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni fi dù yín.

Àwọn ìgbà kan wà tí abẹ́rẹ́ ìsinmi jẹ́ ìtọ́jú tó kù: kíndìnrín tó ti kú tán, jẹjẹrẹ tó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, distemper (àìsàn kòkòrò kan tó máa ń mú ajá) tó ti wọ ọpọlọ débi pé gìrì kò fi ajá sílẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ẹ kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀ tí ajá yín fẹ́ràn láti máa ṣe. Lálaalẹ́, ẹ ka èyí tó ṣì ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọjọ́ burúkú bá ti pọ̀ ju ọjọ́ rere lọ, ẹ pe dókítà. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, oògùn tó ń mú un sùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un, ìgbà tó bá ti sùn fọnfọn ni wọ́n á tó fún un ní èyí tó ń dá ọkàn dúró, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ojú rẹ̀ lè má pa dé, ó sì lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìgbà náà. Kò túmọ̀ sí pé ó ń jìyà. Gbogbo ilé ìwòsàn kọ́ ló ní oògùn yìí, nítorí náà ẹ bi wọ́n tẹ́lẹ̀, kí ẹ má sì gbà kí wọ́n gún un ní ohunkóhun tí kì í kọ́kọ́ mú un sùn. Àwọn ọmọdé, ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Bí ẹ bá ní ó lọ sí abúlé, wọ́n á máa retí rẹ̀. Ẹ wa ilẹ̀ jìn dáadáa níbi tó jìnnà sí kànga, kí ajá mìíràn má bàa hú u. Bó bá jẹ́ parvo ló pa á, kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ àgbàlá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ fi bílíìṣì fọ ibi tó sùn, ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n 30, ẹ má sì mú ọmọ ajá tí kò tíì gba àjẹsára pé wá síbẹ̀.

Dìgbòlugi kò sí lára ohun tí à ń yàn. Ajá tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, tó ń bu igi àti òkúta jẹ, tí ohùn rẹ̀ há, tí kò lè gbé omi mì, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe dókítà ẹranko ìjọba. Ẹni tó bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn ènìyàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tí àìsàn náà bá ti farahàn lára ènìyàn, kò sí ìwòsàn tó dájú fún un.

Ta ni kó yan èwo

Ẹni tí ọmọ ajá rẹ̀ ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí ẹnìkan sì wà nílé lójoojúmọ́: dókítà àbẹ̀wò, lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé, ilé ìwòsàn ìlú tó ní olùtọ́jú òru àti yàrá ọ̀tọ̀ fún parvo.

Ajá tó gbóná tí erìgì rẹ̀ funfun, tí eégbọn wà lára rẹ̀, àti ajá tó ní kókó ojú ara, ilé ìwòsàn ìlú tó ní maikirosíkóòpù. Ajá tó jẹ májèlé tàbí abo ajá tí ilé ọmọ rẹ̀ kún fún ọyún, dókítà tó bá sún mọ́ jù tó sì lágbára láti ṣe é. Ẹ má wo owó ìyàtọ̀. Akọ ológbò tí kò lè tọ̀ wà nínú ọ̀wọ́ yìí, ìtọ̀ lè pa á kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé.

Ìbàdàn wà fún ẹni tí dókítà ìlú ti sọ fún pé "ó kọjá ọwọ́ wa", tí ajá rẹ̀ ṣì lè dúró, tó sì lówó ọkọ̀ lílọ àti bíbọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ́fíìsì ìjọba ni kó kọ́kọ́ yà sí fún àyẹ̀wò, kó sì fi owó tó kù ra oògùn tí wọ́n bá kọ fún un.

Ẹni tí ajá rẹ̀ ti darúgbó, tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń kọṣẹ́, tí owó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: ìtọ́jú ilé pẹ̀lú àbẹ̀wò dókítà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, omi tútù nítòsí rẹ̀ nígbà gbogbo, oúnjẹ tó rọ̀, oògùn ìrora tí dókítà nìkan yàn. Kí ẹ̀yin àti dókítà sì jọ fẹnu kò sí ọjọ́ tí ẹ máa tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.